Ojú Ọ̀gá Lórí Òrùlé

Mo ṣèlérí níwájú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí ti lo gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tó wà nínú èdè wa tán, àwọn kúkúrú tó ṣẹ́ kù nìkan la fẹ́ fi sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó fẹ́ máa gùn, ẹ̀bi rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ní Ọ́fíìsì Ẹ̀yáwó Sólà. "Pátápátá" yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un, lọ́jọ́ tó gbọ́ pé ọ̀gá àgbà mìíràn wà nílé iṣẹ́ omi. Ó sanra níwọ̀nba, ó ga níwọ̀nba, ṣùgbọ́n irunmú rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n. Ó yọ sọ́tùn-ún, ó yọ sósì, bí ẹni tó na apá méjèèjì kó lè dá mọ́tò dúró.

Ní ọ́fíìsì yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹnìkejì rẹ̀ "ẹ káàárọ̀" kí Ọ̀gá Àgbà tó dé. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni pé ilẹ̀ kò tíì mọ́. Bó bá dé ní agogo mẹ́jọ, agogo mẹ́jọ nilẹ̀ mọ́. Bó bá dé ní agogo kan ọ̀sán, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, Oòrùn Kejì!" Òun náà á wo aago ara ògiri, á mi orí sí i, bí ẹni tó ń dárí jì í.

Akọ̀wé rẹ̀ la ó máa tẹ̀ lé nínú ìtàn yìí, nítorí òun ló rí gbogbo rẹ̀ tí kò sì sọ nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nídìí tábìlì kékeré tó kángun sí ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sílẹ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni pé ohunkóhun tí ènìyàn ì báà sọ, bó bá fi máa dé inú ìwé Akọ̀wé, á ti di oríyìn fún Ọ̀gá. Ẹnì kan sọ nípàdé nígbà kan pé òrùlé ọ́fíìsì ń jò. Akọ̀wé kọ ọ́ pé, "Òjò pàápàá ń wá kí Ọ̀gá." Òrùlé náà ń jò di òní.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ ṣá o: ètò ẹ̀yáwó náà dáa. Kí wọ́n tó yan Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ti ṣe é. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sólà gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó náà sì tó ìdajì ilé. Báǹkì kò fẹ́ yá ènìyàn, wọ́n ní ta ló máa dúró fún un? Ìjọba wá ní, "Ẹ yá wọn. Èmi ni mo dúró fún wọn." Bó ṣe di pé ènìyàn ń fọwọ́ sí ìwé, tó ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún márùn-ún nìyẹn. Lóṣù àkọ́kọ́, ilé mẹ́ta ló gbà á. Lóṣù kejì, ó di ogójì. Kò sí ẹni tó polówó rẹ̀ fún wọn. Fáànù aládùúgbò ló ń ta sólà. Bí ìyàwó ilé kan bá ti gbọ́ tó ń yí lódìkejì ògiri, ó kàn máa yíjú wo ọkọ rẹ̀ ni. Lóṣù kẹrin, àwọn tó tò síwájú ọ́fíìsì ti dé ẹnu títì.

Ìyàwó Akọ̀wé wà lára wọn. Aránṣọ ni, máṣíìnì oníná ló ń lò, iná ìlú sì máa ń wá nígbà tó bá wù ú, bí àlejò tí kò fẹ́ràn onílé. Ọ̀gá obìnrin ilé ìwé kan ti gbé iṣẹ́ ńlá fún un, ọgọ́fà yunifọ́ọ̀mù, kó parí rẹ̀ kí ilé ìwé tó wọlé. Ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, wọ́n gbé pátákó sólà méjì sórí òrùlé, gílóòbù tàn, máṣíìnì sì ń kọrin. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, "ọkọ mi" ló ń pe Akọ̀wé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí bínú bá ń bí i, "Akọ̀wé" lásán ló ń pè é.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Àgbà gba àdúgbò kọjá nínú ọkọ̀, ó wo òkè, ó rí àwọn pátákó tó ń dán lórí òrùlé bí omi. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "mo wo òrùlé, mo rí ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ara mi níbẹ̀. Bí ọmọ tí wọn kò tíì bí bá wo òkè lọ́la, ta ló máa rò pé ó ṣe é?"

Igbákejì rẹ̀ dìde. Ọkùnrin yìí máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà Ọ̀gá kí Ọ̀gá tó dá a. "Wọ́n lè rò pé Ọlọ́run ni, sà."

"Ẹ wá wò ó!" Ọ̀gá Àgbà na ọwọ́ sókè. "Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn!"

Ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí wọ́n lẹ àwòrán ojú Ọ̀gá mọ́ ara pátákó kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan dábàá pé kó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, kó wà ní igun.

"Ṣé ojú mi ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni?" Ọ̀gá bi í.

Wọ́n ní kó tó àwo oúnjẹ. Ó wo èékánná rẹ̀. Wọ́n ní kó tó tírée. Ó wo fèrèsé. Wọ́n ní kó kún pátákó láti òkè dé ilẹ̀, látorí dé táì. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun kì í fi tòun ṣáájú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí aráàlú fẹ́ nìyẹn, kí ni òun lè ṣe?

Obìnrin kan wà nípàdé yẹn tí wọ́n ń pè ní Oníná, òun ló ń gun òrùlé lọ fi sólà sí i fún àwọn ènìyàn. Ó nawọ́.

"Ọ̀gá, sà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni pátákó yẹn ń jẹ. Ohunkóhun tó bá bò ó, iná kò ní wá. Bó jẹ́ bébà, bó jẹ́ aṣọ, bó jẹ́..."

"Bó jẹ́ kí ni?" Igbákejì bi í. "Parí ẹ̀. Ṣé o fẹ́ sọ pé ojú Ọ̀gá wa ló máa fa òkùnkùn?"

Oníná wo Akọ̀wé, nítorí ẹ̀gbọ́n ló ń pè é, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀. Akọ̀wé wo ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Oníná jẹ́rìí sí i pé ojú Ọ̀gá ju agbára pátákó lọ." Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Àna Igbákejì ló tẹ àwọn sítíkà náà. Ó fi gọ́ọ̀mù tí kò wọ́n lẹ̀ wọ́n, ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn. Wọ́n wá fi ìpín keje kún ìwé ẹ̀yáwó: ẹni tó bá ṣí ojú Ọ̀gá kúrò, tó fà á ya, tàbí tó fi aṣọ bò ó, á san gbogbo owó tó kù lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ kejì, ojú Ọ̀gá ń wo ojú ọ̀run lórí òrùlé okòó-dín-nírinwó ládùúgbò, gbogbo wọn ló ní irunmú. Lọ́jọ́ kẹta, kò síná níbì kankan.

"Akọ̀wé," ìyàwó rẹ̀ ní.

Ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Máṣíìnì mi ti kú. Ó ku àádọ́rùn-ún yunifọ́ọ̀mù. Ṣé ojú ọ̀gá ẹ ló máa rán an?"

"Rọra sọ̀rọ̀, ìyàwó mi."

"Ta ló máa gbọ́? Òun náà wà lókè, àbí? Kó gbọ́! Bí n kò bá gbé aṣọ ilé ìwé fún wọn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ máa fi san owó sólà tí kò tan iná? Wọ́n á wá kó sólà, wọ́n á sì kó máṣíìnì mọ́ ọn. Wá ṣàlàyé fún mi, ìwọ tó o mọ̀wé."

Akọ̀wé ní òun máa bá Ọ̀gá sọ ọ́. Lóòótọ́ ló lọ. Ó dúró níwájú tábìlì ńlá náà, ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ọ̀gá, sà, aráàlú kò rí nǹkan mìíràn mọ́ yàtọ̀ sí yín." Ọ̀gá ní òun ti fura.

Ìwé ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Àwọn tó ń tò síwájú ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀ pòórá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báǹkì ṣì ń yáni, tí ìjọba ṣì dúró fún gbogbo ènìyàn. Ta ló fẹ́ fi ọdún márùn-ún sanwó àwòrán? Ọ̀gá Àgbà gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje dìde láti wádìí ohun tó fà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi mu tíì. Wọ́n wò ó pé pátákó kò ṣẹ̀, wáyà kò ṣẹ̀, bátìrì kò ṣẹ̀, Ọ̀gá kò sì lè ṣẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n dá oòrùn lẹ́bi.

Akọ̀wé ló kọ ìwé náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀: "Sí Oòrùn. Ó ti dé etígbọ̀ọ́ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá pé ò ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ lágbègbè yìí. A fún ọ ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta láti sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fìyà jẹ ọ́." Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Nígbà tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí, wọ́n ní kí Akọ̀wé dúró lágbàlá ọ́fíìsì lágogo méjìlá ọ̀sán, kó kọjú sí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, kó kà á sókè. Ó kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ìmọ́lẹ̀ mú un sín. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gba ìwé náà lójú gbogbo ènìyàn, kò sì jiyàn.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Ọ̀gá Àgbà tún gba àdúgbò kọjá. Àsìkò eruku ni. Ó wo òkè, ó pariwo kí awakọ̀ dúró.

"Eruku! Eruku lójú mi! Lórí gbogbo òrùlé!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àṣẹ ti jáde: onílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa fi omi, ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ojú Ọ̀gá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó má ṣe fi ojú àánú wò ó. Ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́ ti rú òfin. Ọ̀gá bi Oníná bóyá fífọ̀ náà lè ba pátákó jẹ́.

Oníná ronú díẹ̀. "Rárá, sà," ó ní. "Àṣẹ yìí dára gan-an. Ká ní ẹ tiẹ̀ lè fi ti ọ̀sán kún un."

Ọ̀gá sọ fún Akọ̀wé pé ọmọbìnrin náà ti ń lọ́gbọ́n. Ó fi ti ọ̀sán kún un.

Onígbàjámọ̀ kan wà ní òdìkejì títì sí ilé Akọ̀wé, bàbá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Ó gbé àkàbà, ó gun òkè, ó fọ̀ ọ́ bí àṣẹ ṣe wí. Gọ́ọ̀mù àna Igbákejì kò fẹ́ràn omi. Lọ́jọ́ kẹta, iwájú orí Ọ̀gá ti tẹ̀ lé ọṣẹ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, gílóòbù kan nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onígbàjámọ̀ ń tàn wínníwínní.

Ìyàwó Akọ̀wé gbọ́ rédíò láti òdìkejì títì, ó jáde síta.

"Bàbá, ibo lẹ bá a dé?"

"Mo ti fá apá òsì irunmú," bàbá ní látorí àkàbà. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fá irunmú fún ènìyàn, Ìyá Aránṣọ. Àkọ́kọ́ tó máa gbé mi gun òrùlé rèé."

"Ó le?"

"Ó lágídí bí ẹni tó ni ín."

Ẹlòmíràn pariwo látorí òrùlé kejì: "Èmi ti dé imú! Fáànù ń yí!"

"Ọ̀fun ni mo wà, èmi," ẹnì kẹta ní. "Nígbà tí mo yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ìyàwó mi bú sẹ́kún ayọ̀."

Òfin ní kí wọ́n má ṣí i, kí wọ́n má fà á ya, kí wọ́n má bò ó. Ẹnikẹ́ni kò ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kàn ń fọ Ọ̀gá bó ṣe ní kí wọ́n fọ òun ni.

Ilé kan ṣoṣo ni wọn kò ti fọ̀.

"Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀," Akọ̀wé ní fún ìyàwó rẹ̀. "Èmi ni akọ̀wé rẹ̀. Bí ojú Ọ̀gá bá parẹ́ lórí òrùlé ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ ọṣẹ. Bó bá parẹ́ lórí tèmi, ọ̀tẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ àṣẹ náà kì í tẹ̀ lé e ni?"

"Èmi kì í ṣe arúfin. Mo kàn ń fi ọ̀wọ̀ hàn."

"Ọ̀wọ̀ kọ́. Ẹ̀rù ni. Ó ku àádọ́rùn-ún yunifọ́ọ̀mù síbẹ̀, Akọ̀wé. Ọ̀gá ilé ìwé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa rán ọkọ̀ wá. Bí kò bá pé, kí n kó aṣọ òun jáde, aránṣọ mìíràn ti ń dúró."

Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ sórí, ó sọdá títì, ó lọ ń rán aṣọ ní igun ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, láàárín irun orí àwọn ènìyàn. Aṣọ kan, irun mẹ́wàá. Ó gbọ́dọ̀ gbọn wọ́n kí ó tó ká wọn. Bó bá sì di ọ̀sán tí oníbàárà pọ̀, wọ́n á ní kó dìde nílẹ̀. Akọ̀wé ń wò ó lójú fèrèsé nínú ilé rẹ̀ tó ṣókùnkùn, pẹ̀lú ojú Ọ̀gá méjì lókè orí rẹ̀, tí wọ́n pé pérépéré.

Láìpẹ́, ìwé ọpẹ́ ló ń ya wọ ọ́fíìsì. "Iná ti dé o, a dúpẹ́." Ọ̀gá Àgbà kà wọ́n, ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó wo oòrùn tìkà-tìkà.

"Ó gbọ́ ìkìlọ̀," ó ní.

"Kò fèsì sínú ìwé, sà," ni Igbákejì wí, "ṣùgbọ́n ó ti fèsì nínú ìwà."

Ọ̀gá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́ pé Mínísítà rí i. Kí Mínísítà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí òun tẹ síwíìsì nínú ilé kan níṣojú rẹ̀, ilé tí ojú òun ti hàn ketekete jù lọ. Igbákejì lọ káàkiri àdúgbò láti wá a. Ó rí òrùlé tí etí kù sí, ó rí èyí tí àgbọ̀n kù sí, ó rí èyí tó jẹ́ pé táì nìkan ló ṣẹ́ kù. Òógùn bò ó. Kò jẹ́ sọ fún Ọ̀gá pé ojú rẹ̀ ti tán lórí òrùlé. Ó padà dé, ó ní, "Ilé Akọ̀wé ló dára jù, sà."

Akọ̀wé la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oríyìn ló bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Agogo méjìlá ọ̀sán, oòrùn ń ràn bí ẹni tí wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ sí. Mínísítà dé. Obìnrin kékeré kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú yàrá, àádọ́rin yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ti gé, tí wọn kò tíì rán, wà lórí àga. Ìyàwó Akọ̀wé ti gbé máṣíìnì rẹ̀ padà wálé nítorí wọ́n ní kó wà nínú fọ́tò.

Ọ̀gá Àgbà tú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Mínísítà tó ga jù, ẹ̀yin òrùlé, ẹ̀yin ògiri, ẹ̀yin ènìyàn! Kí n tó dé, òkùnkùn wà. Oòrùn ń yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ètò! Kò ní ìbáwí! Ta ló kọ̀wé sí i? Èmi! Ta ló fún un ní gbèdéke? Èmi! Mo bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin..."

Ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ rántí pé mo ṣèlérí.

Nígbà tó parí, ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó wọlé, ó na ìka kan sókè kí gbogbo ayé lè rí i, ó tẹ síwíìsì.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ó bá a wí lábẹ́lẹ̀.

"Ó tàn!" Igbákejì kígbe. "Ẹ pàtẹ́wọ́! Ọ̀sán ló mọ́lẹ̀ ju iná lọ lẹ kò ṣe rí i!" Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tí iná ń ta lójú.

Mínísítà wo fáànù tó dúró sójú kan. Ó dẹtí. Láti òdìkejì títì, rédíò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn.

"Kí ló dé tí tọ̀hún fi ń ṣiṣẹ́?" ó bèèrè.

Bàbá Onígbàjámọ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. "Mà, a ti fọ Ọ̀gá kúrò lórí tiwa."

"Wọ́n ti rú òfin!" Ọ̀gá Àgbà jáde, ó wo òkè, ó rí àdúgbò nígbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: pátákó ń dán lórí òrùlé gbogbo, irunmú kankan kò sí níbẹ̀. "Níbo ni mo wà? Ibo ni mo lọ?"

"Òfin la tẹ̀ lé o, Ọ̀gá," bàbá ní. "Àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní ká má fi ojú àánú wò yín."

Mínísítà ní kí wọ́n mú àṣẹ náà wá. Ó kà á. "Ta wá ni kò fọ tiẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Akọ̀wé. Nínú irinwó ilé ó dín ogún, òun nìkan ni arúfin.

"Akọ̀wé," Mínísítà ní, "ìwọ lò ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ lọ́fíìsì yín. Kí ló ń dí iná lọ́wọ́ nínú ilé yìí?"

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. Igbákejì tẹjú mọ́ ọn. Oríyìn kan ti ń múra nínú ọ̀fun rẹ̀, tó dán, tó ti wọ bàtà. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò wò ó. Ó jókòó nídìí máṣíìnì tó ti kú, aṣọ àkọ́kọ́ ti wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ṣì gbà pé iná máa wá.

Akọ̀wé gbé oríyìn náà mì.

"Ojú Ọ̀gá ni, mà," ó ní. "Ojú Ọ̀gá ló bo pátákó."

Láàárín ọdún mọ́kànlá, gbólóhùn kúkúrú àkọ́kọ́ tó sọ níwájú Ọ̀gá láìsí oríyìn nìyẹn. Ó ya òun alára lẹ́nu.

Oníná lọ, ó gbé àkàbà wá, ó fi ti ògiri. Ìyàwó Akọ̀wé dìde, ó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, ọṣẹ kan àti kànìnkànìn tuntun jáde. Ó ti pẹ́ tó ti tọ́jú wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kí òṣìṣẹ́ kan gòkè," Ọ̀gá Àgbà ní.

"Kì í ṣe ojú òṣìṣẹ́," Mínísítà ní. Ó wo aago rẹ̀. "Ojú yín ni, Ọ̀gá Àgbà. Ẹ gòkè lọ bọ́jú."

Ó gòkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣókí, nítorí àánú. Ó bọ́ kóòtù, ó kúnlẹ̀ lórí òrùlé níwájú ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ó kọ́kọ́ ń rọra, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

"Wọn kì í fọ̀ ọ́ báyẹn, sà," Bàbá Onígbàjámọ̀ ní láti ìsàlẹ̀. "Ẹ mú un le!"

"Ẹ wo bó ṣe ń fọ̀ ọ́!" Igbákejì kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. "Nínú gbogbo ọ̀gá àgbà ilẹ̀ yìí, ta ló lè pa ojú ara rẹ̀ rẹ́ tó báyìí? Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Nígbà tí iwájú orí lọ, gílóòbù pọ́n bí ẹyin ojú ẹni tó ń jí. Nígbà tí gíláàsì lọ, fáànù mi ara. Nígbà tó dé irunmú, ó dáwọ́ dúró. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo Mínísítà, ó fọwọ́ kan irunmú tó wà lójú rẹ̀ gan-an bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn ṣì wà. Lẹ́yìn náà ló ti kànìnkànìn bọ ọṣẹ.

Máṣíìnì bú ramúramù nínú yàrá.

Mínísítà fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan lọ́wọ́ nípa ipò Ọ̀gá Àgbà, ṣùgbọ́n ìyàwó Akọ̀wé kò dúró de ẹnikẹ́ni, máṣíìnì gba gbogbo ilé, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan. Mínísítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yọ ìwé kan, ó kọ ìlà kan ṣoṣo, ó fi lé Akọ̀wé lọ́wọ́ pé kó kà á fún Ọ̀gá bó bá sọ̀ kalẹ̀. Akọ̀wé kà á gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kò fi nǹkan kan kún un: "Láti òní lọ, ẹ má wá mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó ní ọ́fíìsì láìkíra, wọ́n ń dúró kílẹ̀ mọ́. Agogo mẹ́jọ, agogo mẹ́wàá. Lágogo mọ́kànlá, Oníná ti ilẹ̀kùn wọlé. "Ẹ káàárọ̀ o," ó ní, ó sì kọjá lọ. Wọ́n wo òrùlé, wọ́n wo ògiri. Nígbà tí nǹkan kan kò wó, ẹnì kan dáhùn.

Ìlà àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù tún ti dé ẹnu títì. Yunifọ́ọ̀mù náà pé ní Sátidé, nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwé ti ń fọn fèrè níta; Akọ̀wé ló so bọ́tìnì mọ́ mẹ́tàdínlógún tó kẹ́yìn, méjì nínú wọn wọ́. "Ọkọ mi," ìyàwó rẹ̀ ní, "fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní rí i."

Fáìlì oòrùn ṣì wà ní ṣíṣí. Wọ́n ṣì ń retí èsì.

Ohun kan ló kù. Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà kò dé igun tó jìnnà jù lórí òrùlé ilé Akọ̀wé, etí ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́ kù síbẹ̀, odindi. Akọ̀wé fẹ́ gòkè lọ fọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, kò dí iná lọ́wọ́, ó sì yẹ kí Ọ̀gá ní ohun kan tó máa fi gbọ́ ohun tí aráàlú ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí: ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sì di dandan kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ rọra sọ ọ́, ẹ má sì sọ ọ́ nítòsí ilé yẹn.